Ọkọ Tí Yóò Buwọ́ Lùwé

Ní àwọn ọdún tí owó epo ń ya wọ ilẹ̀ Saudi bí àgbàrá òjò, Ar-Rusaifah ní Mẹ́kà la ń gbé. Ọkọ mi wà lára àwọn ẹnjiníà tí ìjọba gbà fún iṣẹ́ ọ̀nà Jéddà sí Mẹ́kà. Ohun kan tí a máa ń fi yangàn nínú lẹ́tà tí a ń kọ sílé ni ìwòsàn, nítorí ìjọba ló ń gbọ́ gbogbo bùkátà rẹ̀. Tí orí bá ń fọ́ ọ, o mú káàdì rẹ, o lọ, wọ́n tọ́jú rẹ, o padà sílé.

Káàdì yẹn kò ní fọ́tò obìnrin. Orúkọ mi ló wà níbẹ̀ àti orúkọ ọkọ mi, ó tán. Nítorí náà, láàárín àwa obìnrin Yorùbá, káàdì ẹni tó ní ìwé a máa rìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní. Ẹni tí ibà mú yóò yá a, yóò bo ojú rẹ̀, yóò lọ jẹ́ orúkọ olórúkọ níwájú dókítà, yóò sì dá a padà nírọ̀lẹ́. A kò pè é ní irọ́. Àánú la pè é.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ọ̀rẹ́ ọkọ mi tó jẹ́ dókítà ní Jéddà wá kí wa. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó mú ìwé kan jáde nínú àpò. Ó ní àbá òfin ni, wọn kò tíì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ti pín in káàkiri ilé ìwòsàn. Tó bá di òfin, ìtọ́jú tí ìjọba ń sanwó rẹ̀ kò ní kan oyún ṣíṣẹ́ mọ́, àfi tí dókítà mẹ́ta bá kọ ọ́ pé oyún náà yóò pa ìyá, tí ọkọ sì wá fúnra rẹ̀ buwọ́ lùwé.

Ọkọ mi ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ni owó ìjọba ń wá nídìí oyún ṣíṣẹ́?"

"Èmi ò bá dókítà mẹ́ta jà," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Ọkọ yẹn ni mò ń rò. Tí kò bá sí nítòsí ńkọ́?"

"Níbo ló lọ? Ṣé ẹni tó mọ ọ̀nà yàrá ìyàwó rẹ̀ kò ní mọ ọ̀nà ilé ìwòsàn ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń bu tíì fún wọn náà rẹ́rìn-ín sínú. Lójú tèmi, òfin tó mọ́gbọ́n dání ni.

Obìnrin kan wà nígbà náà, ọmọ ìlú wa, tí mo mú bí àbúrò. Òun àti ọkọ rẹ̀ wá ṣe Hájì, wọn kò padà, wọn kò sì ní ìwé ìgbélùú. Ó ń tún yàrá tí wọ́n ń háyà fún àwọn àlàájì ṣe ní Al-Aziziyah. Tí ọjọ́ Hájì bá dé, á lọ fọ abọ́ ní Mina. Ọmọ méjì tó bí wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ nílé. Ọkọ rẹ̀ ń ru ẹrù ní èbúté Jéddà títí ọlọ́pàá fi kó wọn, tí wọ́n sì dá a padà sí Nàìjíríà. Oyún wà nínú ìyàwó rẹ̀ nígbà yẹn. Ọkùnrin náà kò mọ̀, obìnrin náà kò tíì mọ̀.

Lóṣù kẹta tí ọkọ rẹ̀ lọ, ó wá bá mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Orí ìjókòó ni mo ti ń sùn." Mo yọ káàdì mi fún un.

Wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn. Nígbà tí mo lọ wò ó, nọ́ọ̀sì bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí aláìsàn. Mo ní àbúrò rẹ̀ ni mí, nítorí orúkọ mi ló wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Dókítà obìnrin ará Sudan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọkàn aláìsàn náà ti ní àrùn láti kékeré, oyún oṣù mẹ́rin yìí kò ní jẹ́ kó yè, ó gbọ́dọ̀ kúrò láàárín ọjọ́ méjì. Dókítà mẹ́ta ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kù kí ọkọ wá.

Mo ní, "Ṣebí òfin yẹn kò tíì jáde?"

"Kò tíì jáde, ṣùgbọ́n ọ̀gá wa ti ní ká máa lò ó."

Àbúrò mi ti gbọ́. Ó ní, "Ẹ bá mi bẹ Àlàájì. Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní gba ọkọ yín. Tó bá buwọ́ lùwé tán, ẹ gbà á padà."

"Kí ló dé tí a ò kúkú sọ òótọ́ fún wọn?"

"Ìwé mi ni wọ́n á kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó wá ọkàn mi. Ọmọ méjì ń retí mi, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n ṣáà dìde."

Mo délé, mo rò ó fún ọkọ mi. 

"Ìwọ lo fún un ní káàdì?"

"Èmi ni."

"Ọkọ tí wọ́n ń wá yẹn, èmi wá ni."

"Ẹ̀yin ni, Àlàájì."

"O fẹ́ kí n dúró nílùú Káábà, kí n kọ ọ́ pé ìyàwó mi ni, pé èmi ni mo fún un lóyún, pé mo ní kí wọ́n ṣẹ́ ẹ. Irọ́ méjì àti ẹ̀jẹ̀ kan lórí ìlà kan ṣoṣo."

"Ẹ̀mí rẹ̀ ńkọ́?"

Ó dìde, ó bọ́ síta. Èèyàn burúkú kọ́. Ó lọ sí Hárámù, ó yípo Káábà, ó gbàdúrà kí Ọlọ́run fi ọ̀nà hàn án. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, ó tún ṣe é ní ọjọ́ kejì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù láti Jéddà pé kó yára. Ní ọjọ́ kẹrin, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó wọ aṣọ, ó ní ká lọ. Ó kọ orúkọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé. Wọ́n gbé àbúrò mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ kí oòrùn tó mú. Kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásárì, ọkàn rẹ̀ ti dá iṣẹ́ dúró.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Bí àwọn èèyàn ṣe fi tù mí nínú nìyẹn. Àmọ́ àìsàn náà gan-an la kò wò lásìkò.

Orúkọ mi ni wọ́n kọ sí ìwé ikú. Ọkọ mi kò lè fara dà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó lọ sọ òótọ́, wọ́n sì fòpin sí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sídìí ìwé náà fa ìlà la orúkọ mi kọjá. A sọ orúkọ òkú fún un. Ó béèrè páásípọ́ọ̀tù, kò sí. Ó ní òun kò lè kọ orúkọ tí ìwé kankan kò tì lẹ́yìn. Ó kọ "obìnrin Takrúnì kan" síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe àwa aláwọ̀ dúdú láti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Bóyá àbá yẹn padà di òfin, mi ò mọ̀. Ọkọ mi kò sọ ọ́ lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí a délé, èmi nìkan ni mo lọ bá ìyá àbúrò mi tó kú náà. Ọkọ olóògbé wà níbẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì ń ṣeré níta. Mo ro gbogbo rẹ̀, mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Ìyá náà fi ìborùn bo ojú. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ló sọ̀rọ̀.

"Ta ló wá buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí ọkọ?"

"Ọkọ mi ni."

"Ẹ ní oyún oṣù mélòó?"

"Mẹ́rin."

Ó tẹ́ ọwọ́ sórí itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó o ní Jéddà. Ó kà á tán, ó wo ojú mi, ó tún un kà.

Ìyá náà ṣí ìborùn kúrò lójú. "Tìẹ ni," ló wí. "Bóo bá kà á títí di ọ̀la, tìẹ ni."

Ọkùnrin náà tẹ́ ọwọ́ sórí itan padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí àtàǹpàkò.