Mo Gbé Ọmọ Lọ Kí Ìyé Lè Wẹ̀ Ẹ́

Òórùn inú bàálù ọjọ́ náà kò tíì kúrò nímú mi: oúnjẹ tí wọ́n ń gbé kiri nínú ike, bùláńkẹ́ẹ̀tì tí àìmọye èèyàn ti fi bora, àti páúdà ọmọ tó ti pò mọ́ omi ọmú láyà aṣọ mi. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́rin. Láti Kánádà ni mo ti gbé e, èmi nìkan, torí pé ọkọ mi ò rí ààyè gbà níbi iṣẹ́. Kàbbà ni mò ń gbé e lọ, sọ́dọ̀ ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyé. Bí o bá ti gbé ọmọ ọwọ́ wọ bàálù rí, o mọ bó ṣe ń rí: ọwọ́ kan di báàgì mú, ọwọ́ kan gbé ọmọ, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́, kò sì sẹ́ni tí wàá gbé ọmọ fún.

Ìyé ló yẹ kó wá bá wa. Ó ti di ẹrù, ó ti kó òrí àti kànìnkànìn sínú rẹ̀, kí àìsàn tó dá a dúró, tí dókítà sì ní kó má wọ bàálù. Nílé tiwa, ìyá ìyá ọmọ ló ń wẹ ọmọ tuntun. Yóò tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, yóò da omi gbígbóná sí i, yóò na apá àti itan rẹ̀, yóò sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀ títí yóò fi rí rìbìtì. Lọ́jọ́ tí Ìyé rí wa lórí fóònù bí a ṣe ń wẹ tèmi nínú ike, ó pariwo: "Ṣé àwo lẹ̀ ń fọ̀ ni? Gbé e wá jàre, kí n fọwọ́ ara mi wẹ̀ ẹ́!" A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ọrùn rẹ̀ ti gbẹ. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní kí n dúró kí ọmọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ká tó rìnrìn àjò. Mo dúró. Dídúró yẹn ṣì ń dùn mí dòní.

Bí bàálù ṣe gbéra, ọmọ figbe ta. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí ní, "Fún un lọ́mú, etí ló ń dùn ún." Mo fún un, ó dákẹ́. Ìyá náà bi mí ibi tí mò ń gbé e lọ, ni mo bá rojọ́ kalẹ̀: ìyá mi, omi gbígbóná, orí tí kò tíì rí rìbìtì. Mo tún sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ bàálù tó gbé omi wá fún mi, bí ẹni pé ó bi mí. Mò ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín àwọn àga, mò ń sọ ọ́ sétí ọmọ pé ó kù díẹ̀, Ìyé ń retí wa. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu, ṣùgbọ́n n kò rántí ìgbà tí inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀.

Níbi tí a ti fẹ́ wọ bàálù kejì, mo pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń tọ́jú Ìyé. Mo ní kó gbé fóònù fún un. "Ó ń sùn," ló wí. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun, bóyá ọmọ ń mu ọmú dáadáa. Ó tún bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ ọmú di tirẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín.

Òun ló wá pàdé wa l'Ábújá. Ó gba ẹrù, ó jókòó síwájú ọkọ̀, kò bojú wẹ̀yìn títí a fi kọjá Lọ́kọ́ja. Nígbà tó ku díẹ̀ ká wọ Kàbbà, ó ní kí dírẹ́bà dúró lábẹ́ igi. "Fún un lọ́mú ná," ló wí. Mo ní ilé ò jìnnà mọ́. "Fún un," ló tún wí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Ọmọ mu ún yó, ó sùn.

Àwọn èèyàn kún iwájú ilé. Àbúrò Ìyé obìnrin tó ń gbé ní Odò-Àpé ló kọ́kọ́ sún mọ́ mi. "Okun o, ọmọ mi," ló fi kí mi, ó sì ti gba ọmọ lọ́wọ́ mi kí n tó dáhùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Mo sáré wọ yàrá Ìyé. Wọ́n ti ká ẹní rẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo wọ bàálù ló kú. Lọ́dọ̀ wa, a kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà, pàápàá ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, torí ìbànújẹ́ a máa mú kí ọmú gbẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún mi. Inú bí mi sí i burúkú. N kò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi sin Ìyé. Mo ní lọ́kàn mi pé ó sọ mí di òmùgọ̀ tó ń yọ̀ kiri. Lọ́jọ́ kejì tí mo dé, ọmú mi gbẹ lóòótọ́. Mílíìkì inú agolo la fi ń gbé ọmọ ró. Ìyá Odò-Àpé ló wẹ̀ ẹ́, ó wẹ̀ ẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n n kò lè dúró wò ó.

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Ìyá Odò-Àpé sọ fún mi pé ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí ni ẹ̀gbọ́n mi dúró sí nígbà tí mo pè é. Mo rántí ẹ̀rín tó rín fún mi. Ìyá kan náà ló kú fún àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ó dá nìkan sunkún rẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì, kí èmi lè jẹ́ ọmọ tó ní ìyá títí ọmọ tèmi yóò fi yó.