Ọṣẹ Màámi àti Sáàmù Ẹ̀san

Ṣọ́ọ̀ṣì tuntun kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi báyìí, kò jìnnà sí Ẹnuwá. Tó bá ti di ọ̀sán Ọjọ́rú, wọn a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sójú fèrèsé, wọn a máa pariwo pé kí ọ̀tá kú, kó kú, kó kú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ariwo náà le débi pé mo yíjú wo àwọn ẹja gbígbẹ tí mo tò sórí àtẹ, mo ní bóyá ẹ̀rù ti ń ba àwọn náà. Oníbàárà mi kan, ọmọbìnrin tó ń kàwé ní yunifásítì, ní, "Màmá, ṣé irú àdúrà báyìí ò burú?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí ò tíì gbọ́ àdúrà tó burú. Èmi ti gbà á rí, nígbà tí mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, tayọ̀tayọ̀ ni mo sì fi gbà á.

Ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú ní agbo ilé wa ní Òkèrèwè. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọṣẹ nínú ọ̀rá aláràbarà, ẹ ò lè mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Èèpo kòkó la máa ń sá gbẹ, a ó sun ún di eérú, a ó kó eérú náà sínú ìkòkò tí a dá ihò sí nídìí, a ó wá da omi sí i kí omi eérú lè máa kán díẹ̀díẹ̀. Omi yẹn àti àdín la ó gbé kaná, tí a ó máa rò ó títí apá yóò fi fẹ́ já. Òórùn rẹ̀ a máa tẹ̀ lé mi dé ilé ìwé, débi pé Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì. Mi ò bínú. Èmi ni mo mọ́ jù láàárín wọn. Oko kòkó ni bàbá mi wà, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù la ń rí i. Ọṣẹ yẹn ló ń bọ́ wa.

Ìyá Dọ́káàsì ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa. Òun ni olórí Dọ́káàsì, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìlódè, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Obìnrin tó sanra ni, ó ní eyín wúrà kan, ó sì máa ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀wọ́ kó tẹ òun.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ibà mú àbúrò mi, Bọ́sẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣàìsàn, ó kú láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún. Màámi ò tíì dìde lórí ẹní tó ti ń ṣọ̀fọ̀ tí Ìyá Dọ́káàsì ti dúró nídìí ẹ̀rọ omi agbo ilé, tó ń sọ fáwọn tó wá pọnmi pé àjẹ́ ni ìyá wa. Etí èmi yìí ni mo fi gbọ́ ọ, korobá mi wà lábẹ́ ẹ̀rọ.

"Kí lẹ rò pé ó ń rò nínú ìkòkò yẹn? Ọmọ ara ẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa fi ọṣẹ ẹ̀ wẹ ọmọ tiyín, kẹ́ ẹ wá rí i."

Bí ọjà ṣe kú nìyẹn. Ọṣẹ ń gbẹ lórí àtẹ, ó ń sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ arúgbó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí Màámi bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, àwọn tó wà níbẹ̀ a rántí lójijì pé afẹ́fẹ́ dáa lápá ibòmíràn. Kò sunkún. Kò jẹun. Ó kàn ń rù lójú mi ni. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé tí nǹkan bá ń lọ báyìí, èèyàn méjì la máa sin lọ́dún yẹn.

Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá ṣẹ obìnrin tí kò sì ní ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀, ohun kan wà tó máa ń ṣe. Ní ọ̀sán gangan, yóò bu omi sínú abọ́ funfun, yóò kúnlẹ̀ tì í. Ẹni tó mọ̀wé yóò ka Sáàmù ẹ̀san sórí omi náà, òun yóò máa dárúkọ ọ̀tá rẹ̀, yóò máa ṣe àmín. Lẹ́yìn ìyẹn, yóò da omi sójú ọ̀nà tí ọ̀tá ń gbà. Màámi ò mọ̀wé, kò sì fẹ́ kí alàgbà kankan gbọ́ ohun tó wà nínú òun. Ló bá bu omi sínú abọ́, ó kúnlẹ̀ tì í, ó pè mí, ó gbé Bíbélì bàbá mi lé mi lọ́wọ́.

"Èyí tí wọ́n ti ń fọ́ eyín ọ̀tá ni kó o kà. Má fo ibì kankan."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé èmi náà ò mọ̀wé kà. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń sùn lẹ́yìn ọmọ gíga kan ní kíláàsì. Sáàmù kan ṣoṣo ló wà lórí mi, èyí tí tíṣà ọjọ́ Ìsinmi fi pàṣán kọ́ wa, níbi tí ọkùnrin kan ti ń bi Ọlọ́run pé títí di ìgbà wo ni yóò fi gbàgbé òun, tó wá sọ nígbẹ̀yìn pé òun yóò kọrin. Mo la Bíbélì, bóyá mo tiẹ̀ dorí ẹ̀ kodò, mo ka èyí.

Màámi gbójú sókè. "Eyín ńkọ́?"

"Ó wà níwájú, Màámi."

Ojú rẹ̀ ti jìn sínú, mi ò lè sọ fún un pé mi ò rí nǹkan kan níwájú. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá tèmi sílẹ̀, mo fi ohùn alàgbà kà á.

"Kí ìdí ìkòkò rẹ̀ kí ó lu, kí ọbẹ̀ rẹ̀ kí ó sì ṣàn lọ sínú iná."

"Àmín!"

"Kí gèlè rẹ̀ kí ó tú níwájú ìjọ ènìyàn. Kí ewúrẹ́ kí ó wọlé tọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tí ó gún iyán, kí ó sì jẹ ẹ́ tán."

"Àmín, Bàbá!"

Inú mi dùn, ara mi yá gágá. Gbogbo ìgbátí tí obìnrin yẹn ti gbá mi rí ni mo ń san padà lẹ́sẹẹsẹ. "Kí eyín wúrà rẹ̀ kí ó bọ́ sínú gààrí, kí ó sì gbé e mì, kí ó máa wá a kiri ní ọjọ́ mẹ́ta."

Màámi ò ṣe àmín. Ó wò mí.

"Dáfídì mọ gààrí?"

"Ọba ni, Màámi. Kí ni ò ní mọ̀?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rín ti di ẹkún. Ẹkún tí kò sun nígbà tí wọ́n gbé Bọ́sẹ̀ jáde, ọjọ́ yẹn ló sun ún. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n tún sọ ti àkọ́kọ́, ti ọkùnrin tó ń béèrè. Bí mo ti ń sọ ọ́ ló ń fi tirẹ̀ kún un. Ó bi Ọlọ́run pé kí ni ọmọ ọdún mẹ́ta fi ṣẹ̀ Ẹ́. Ó ní kó sọ fún òun bóyá ojú Rẹ̀ fọ́. Ó bá Ọlọ́run jà bí ìgbà tí èèyàn ń kanlẹ̀kùn ẹni tó mọ̀ dájú pé ó wà nílé. Nígbà tó dìde, ó fi omi abọ́ náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó jẹ ẹ̀bà, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, ó sì ní kí n lọ wo eérú.

Nígbà ọyẹ́, kúrúnà dé. Ó bo ọmọ-ọmọ Ìyá Dọ́káàsì láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ra ọṣẹ òyìnbó, wọ́n ra ìpara, kò gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Ìyá Dọ́káàsì yọ́ gba ẹ̀yìn ilé ìdáná wọlé wa.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọṣẹ díẹ̀."

"Ọṣẹ wà, Màmá. Ẹ ò tiẹ̀ ní sanwó." Màámi ń nuwọ́ lára ìró rẹ̀, jẹ́jẹ́. "Àmọ́ ìdí ẹ̀rọ lẹ ó ti fi wẹ ọmọ náà, nírọ̀lẹ́, tí gbogbo ilé bá ń pọnmi."

"Há! Ṣé kẹ́ ẹ fi mí ṣẹ̀sín ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó jáde lọ. Àmọ́ ọmọ náà ò yé ké. Nírọ̀lẹ́, Ìyá Dọ́káàsì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ ìdí ẹ̀rọ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀, ó ń fi ọṣẹ ìyá mi wẹ ọmọ tó fẹ́ràn jù láyé, korobá mẹ́rìndínlógún ló tò lẹ́yìn rẹ̀. Mo ka wọ́n. Èmi ni mo lọ dúró níwájú rẹ̀ gan-an, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà." Ìdùnnú tí mo ní lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ ìgbéyàwó mi ò tó o. Ọ̀sẹ̀ kejì, ara ọmọ náà ń dán, ọṣẹ wa sì tán lórí àtẹ.

Àwọn méjèèjì ti kú. Wọ́n ti wó agbo ilé náà, ilé alájà méjì ló wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì sun èèpo kòkó mọ́. Màámi dárí ji obìnrin yẹn kó tó kú, ó tiẹ̀ bá a gba àwẹ̀ ìkẹyìn rẹ̀. Èmi ò tíì dárí jì í. Tí pásítọ̀ wa bá ní ká dárí jini, ẹnu ni mo fi ń ṣe àmín.

Mo sì máa ń sọ ọ́ fún Ọlọ́run bẹ́ẹ̀, mi ò fi bò. Mo máa ń sọ fún un pé Bọ́sẹ̀ ì bá ti ní ọmọ-ọmọ báyìí, mo máa ń bi Í pé títí di ìgbà wo. Kò tíì dáhùn. Àmọ́ pẹ̀lú gbogbo ẹnu burúkú tí mo ní yìí, kò tíì lé mi jáde rí. Mo tún ń lọ bá A lọ́la.