Ẹni Tó Bá Mi Pa Irun Láró

Ewú ìdílé wa kì í dúró de ọjọ́ ogbó. Bó ti ṣe ìyá mi náà ló ṣe àwọn àbúrò rẹ̀. Nígbà tó kàn mí, n kò tíì bí ọmọ mi kejì tí iwájú orí mi ti funfun bí ẹni wọ́n eérú sí i. N kò ka èyí sí nǹkan kan títí tí a fi kó wá sí Ṣómólú. Káfíńtà ni ọkọ mi, èmi ń ránṣọ lójúde ilé tí a háyà. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwa méjèèjì ti wá. Ṣọ́ọ̀ṣì la ti ṣe ìgbéyàwó, òrùka sì wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, ọkọ mi sọ fún mi pé ọ̀gá òun ti gba iṣẹ́ ilé ìwé kan ní Ìkòròdú, pé ibẹ̀ ni òun yóò máa sùn, tí òun yóò sì máa wálé ní Sátidé. Mo gbà. Bó bá ń padà lọ, mo máa ń di gàrí àti ata díndín fún un, nítorí mo ní ta ni yóò máa se oúnjẹ fún un lọ́hùn-ún.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, bí mo ti kúnlẹ̀ gbé omi ìfọwọ́ síwájú rẹ̀ ni gèlè mi tú. Ó wo orí mi títí, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o ti fẹ́ máa jọ ìyá mi." Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú, ó sì bu òkèlè.

Ọ̀rẹ́ mi nìkan ni mo sọ fún. Yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ará Ìlàjẹ ni. Ọkọ rẹ̀ ń pẹja lórí ọ̀sà lẹ́yìn Bàrígà, òun ń yan ẹja tà. Òun ló gbẹ̀bí ọmọ mi kejì lọ́jọ́ tí òjò kò jẹ́ kí a dé ọsibítù. Òun náà ló ń di irun fún mi, ó mọ orí mi ju èmi fúnra mi lọ.

"Ìyẹn lò ń sunkún sí?" ó ní. "Wọ́n ń ta aró irun nísinsìnyí. Páúdà ni, omi lásán la fi ń pò ó. Mo mọ ẹni tó ń tà á ní Ọbáníkòró."

"Kò ní ba orí mi jẹ́?"

"Ṣé èmi ni n óò mú ohun tí yóò bà ọ́ lórí jẹ́ wá?"

Ó rà á wá. Ní Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn tí oòrùn rọlẹ̀ díẹ̀, mo jókòó sórí àpótí lẹ́bàá kànga. Ó po páúdà náà nínú àwo tó ti ya lẹ́nu, ó fi ìyẹ́ adìyẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún láti iwájú orí mi lọ sẹ́yìn. Ó tutù lórí mi, òórùn rẹ̀ sì ń ta mí nímú. Àwọn obìnrin ilé jáde wá wòran. Ìyàwó onílé ní, "Ọkọ rẹ yóò dé lọ́la, yóò ní ìyàwó òun dà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dá lójijì. Mo rí i pé wọ́n ń wo ara wọn. Mo rò pé bí mo ti dára ni wọ́n ń wò.

Nígbà tí a ṣan án, tí mo wo dígí, inú mi dùn débi pé n kò fẹ́ wé gèlè mọ́. Irun mi dúdú kirikiri. Ọkọ mi dé, ó wò ó, ó ní, "Ó dára," ó sì bèèrè omi ìwẹ̀. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí tó fi padà lọ.

Lẹ́yìn tó lọ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, iwájú orí mi ti wú, ìpéǹpéjú mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ojú mi pa. Ọ̀rẹ́ mi ti lọ ra ẹja lọ́nà jíjìn. Mo ní n óò lọ bá ẹni tó ta aró náà, bóyá ó mọ ohun tí ń pa oró rẹ̀. Ìyàwó onílé ní kí n má lọ, kí n dúró de ọ̀rẹ́ mi. Ó tilẹ̀ dì mí lọ́wọ́ mú. Mo rò pé ojú mi tó wú ló ń ṣe é láàánú.

Mo wé gèlè wálẹ̀ dé ojú, mo gba àdúgbò Pẹ́dírò kọjá, mo ń bèèrè ọ̀nà títí mo fi dé ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló ń ta àtíkè àti òróró irun lójú fèrèsé. Ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú lọ́wọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ wá jókòó. Kí ló ṣe yín lójú?"

Mo sọ fún un. Àánú ṣe é. Ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀, ó lọ mú òróró àgbọn wá, ó sì fi ń ra iwájú orí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ìyá ẹlẹ́ja ló ra aró yẹn lọ́wọ́ mi," ó ní. "Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn kan ló fẹ́ lò ó. Èèyàn dáadáa ni wọ́n. Àwọn ni wọ́n gbé ẹja wá fún wa nígbà ìkómọ ọmọ yìí."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ ni mo rí kẹ̀kẹ́ kan tó fara ti ògiri nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n fi àrán aláwọ̀ ojú ọ̀run bo ìjókòó rẹ̀. Èmi ni mo gé àrán náà, èmi ni mo rán an. Mo mọ ibi tí okùn ti tán mí lọ́wọ́ tí mo fi òmíràn parí rẹ̀.

Ọkọ mi jáde láti inú yàrá, pákò lẹ́nu, tówẹ̀lì léjìká. Ó wo obìnrin tó wú lójú tó gbé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, mà," ó ní. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ó sì ń kọjá lọ sẹ́yìnkùlé.

"Ìgbà wo ni Ìkòròdú sún mọ́ wa tó báyìí?" mo bi í.

Ó dúró. Ọmọbìnrin náà wò mí, ó wò ó. "Ṣé ẹ mọra ni?"

"Èmi ni ìyàwó rẹ̀," mo ní.

"Ìyàwó wọn wà ní Ògbómọ̀ṣọ́," ni ó wí. "Wọ́n ní ó kọ àwọn sílẹ̀ lọ sílé."

Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kí òun ṣàlàyé. N kò dúró gbọ́ ọ. Ọmọ náà ti sùn, mo rọra gbé e fún ìyá rẹ̀, mo sì jáde. Bó bá jẹ́ pé ó sọ fún mi pé òun fẹ́ fẹ́ ìyàwó mìíràn ni, a ó jà, n óò sunkún, yóò sì tán. Bàbá mi pàápàá fẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Ṣùgbọ́n mo ń di oúnjẹ fún un lọ sí ìrìn tí kò ju ẹ̀yìn Pẹ́dírò lọ.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi dé, n kò jẹ́ kó sinmi.

"O mọ̀," mo ní.

Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀. "Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Kí oyún ọmọbìnrin náà tó hàn. Ọkọ rẹ bẹ̀ mí, ó ní òun yóò fẹnu ara òun sọ ọ́. Gbogbo ilé ló mọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ tí o kó ẹrù rẹ, èmi ni wọn yóò ní mo tú ilé rẹ ká."

"O jókòó sẹ́yìn mi, ò ń kùn mí lórí."

"Mo fẹ́ kó padà máa wò ọ́ ni. Mo rò pé bó bá ti ń wò ọ́, ọ̀rọ̀ ọ̀hún yóò tán fúnra rẹ̀."

"Ọwọ́ ọmọbìnrin náà lo sì ti lọ rà á."

Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó wọlé lọ.

Mo fá orí mi. Àwọn àgbà ọkọ mi wá láti ilé, wọ́n bẹ̀ mí, mo sì dúró nítorí àwọn ọmọ. Ọmọbìnrin Ọbáníkòró náà wá fúnra rẹ̀, ó kúnlẹ̀, mo gbé e dìde. Wọ́n ti pa irọ́ fún òun náà. Ọkọ mi pàápàá, a padà ń sọ̀rọ̀ nígbà tó yá, bí tọkọtaya tó ń tọ́mọ ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ìwà ọkùnrin kò yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó gba ọmọ mi nígbà tí mo ń rọbí, tó tún ń fi aró kùn mí lórí nígbà tó mọ ohun tí n kò mọ̀, ìyẹn ni n kò rí gbé mì.

Nígbà tó ṣe, ọ̀rẹ́ mi àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sétí omi ní Ìlàjẹ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Mo mọ̀ pé ó ń dúró kí n gbójú sókè ni. Maṣíìnì ni mo ń wà. Kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n mo ń wà á títí mo fi gbọ́ pé ó ti lọ.