Ètè Pupa Òṣèrébìnrin

Ìyá Gúnrégé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Àwọn àlejò a máa pè é ní ayàwòrán, kò sì tọ̀nà. Ayàwòrán a máa fọwọ́ yà á. Atẹ̀wòrán ni obìnrin yìí. Yóò gbé fírémù tí wọ́n na aṣọ tín-ínrín bò lé orí bébà, yóò da ọ̀dà sí i, yóò sì fi pátákó onírọ́bà fa ọ̀dà náà kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọ̀ kan, fírémù kan. Bó bá tẹ ojú gbajúmọ̀ olórin tán, irun aláwọ̀ aró, ìpéǹpéjú aláwọ̀ ewé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ọsàn, gbogbo rẹ̀ á bára mu bí ìkòkò àti ọmọrí rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń ṣe é, orúkọ rẹ̀ ò sì hàn lára bébà kankan rí.

Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, dé ibi iṣẹ́ náà lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹnu àbúrò dùn, ẹ̀rín ò sì wọ́n an, kò pẹ́ tí àwọn oníbàárà fi ń béèrè pé, "Àbúrò dà?" Ìbéèrè yẹn a máa gún ẹ̀gbọ́n bí abẹ́rẹ́.

Nígbà tí gbajúmọ̀ òṣèrébìnrin kan fẹ́ kí wọ́n tẹ ojú òun sí ogójì bébà, ọ̀gá pe tẹ̀gbọ́n tàbúrò. "Kí kálukú tẹ ẹyọ kan. Ẹni tí tiẹ̀ bá wu òṣèré náà ló máa tẹ ogójì, á sì kọ orúkọ ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ wọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o," ni àbúrò wí, "mo máa gbà á mọ́ yín lọ́wọ́."

"Ìwọ wo? Ìwọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ fírémù? Ẹnu ẹ mú ju ọwọ́ ẹ lọ."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n ò dénú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ti ẹ̀gbọ́n ti gbẹ. Pupa ètè nìkan ló kù fún àbúrò, ó sì jáde lọ bu omi. Páálí pélébé mẹ́ta ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ tábìlì láti dá igun bébà dúró, kí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lè bọ́ sí àyè rẹ̀. Ìyá Gúnrégé bojú wẹ̀yìn, ó ṣí ọ̀kan, ó sún un ní ìwọ̀n èékánná ọmọńdinrín, ó sì tún un lẹ̀.

Àbúrò dé, ó fa rọ́bà. Pupa fo ètè, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Yéè! Mo gbé!" Ó fa páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tu. Ibi tó ti ń tún wọn lẹ̀ bó ṣe yẹ ni òṣèré wọlé bá a.

Òṣèré wo ti ẹ̀gbọ́n. "Ó jọ mí." Ó yíjú sí ti àbúrò, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ẹnu mi! Ó ń sọ̀rọ̀! Èyí ni mo fẹ́. Bó ṣe rí yìí gan-an ni kí ogójì rí o."

Wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ìyá Gúnrégé fi tirẹ̀ tún iṣẹ́ ẹlòmíì ṣe, ta ni yóò sì rò ó fún?

Nígbà tó fi di ọ̀sán, àbúrò ti ba bébà mẹ́sàn-án jẹ́. Pupa bọ́ sí àgbọ̀n, ó bọ́ sábẹ́ imú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wò ó. Mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ní bí mi ò bá rí i ṣe lónìí, àwọn á rọ òṣèré kó gba tiyín."

Kí Ìyá Gúnrégé ṣáà dákẹ́ ni, iṣẹ́ á di tirẹ̀. Ó ti ń rí orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀ ogójì bébà.

"Rọ̀ ọ́ kẹ̀?" ló sọ. "Kí wọ́n máa rọ èèyàn kó tó gba iṣẹ́ tèmi?"

Ó dìde, ó sún páálí, ó fa rọ́bà. Ẹnu òṣèré là lórí bébà, bíi ti àárọ̀ gan-an.

Àbúrò wo bébà, ó wo páálí, ó wo ojú rẹ̀. "Ẹ ò tiẹ̀ wọ̀n ọ́n."

"Èmi ni mo sún un láàárọ̀."

"Kí ni mo ṣe fún yín?"

"Wọn kì í béèrè mi mọ́."

Àbúrò gbé bébà mìíràn ti àwọn páálí náà. Ó fa rọ́bà títí ogójì fi pé, ẹ̀gbọ́n ń sá wọn sórí okùn. Nígbà tí wọ́n gbẹ, àbúrò mú pẹ́ńsù, ó ń kọ orúkọ tirẹ̀ nìkan. Ẹ̀gbọ́n di igun bébà mú fún un kó má baà yẹ̀, ó ń wo lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde.