Ohun tí Àwọn Aláró Kò Sọ fún Kọ̀ǹpútà

Inú máa ń bí mi títí dòní bí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé kọ̀ǹpútà kì í parọ́. Èmi mọ ọ̀kan tó parọ́. Mi ò fojú rí i rí. Wọ́n ní yàrá ńlá kan ló ń gbé ní yunifásítì, tí òtútù ibẹ̀ ń mú bíi ti inú fìríìsà ẹlẹ́ja, ṣùgbọ́n irọ́ tó pa kan ìyá mi. Kí n má sì fi gbogbo ẹ̀bi náà rù ú. Ohun tí a sọ fún un ló sọ.

Aláró ni ìyá mi. Ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta ló ti ń ta àdìrẹ, ẹ̀yìnkùlé wa ló sì ti ń pa á láró. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí mo ń pè ní Ìyá Kékeré, ni wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Wọ́n á jà láàárọ̀ nítorí igi ìdáná, wọ́n á sì ti parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ọwọ́ àwọn méjèèjì kò mọ́ rí. Àlejò tí kò bá mọ̀ wọ́n, bí wọ́n bá bu omi fún un, á kọ́kọ́ yọjú wo inú ife dáadáa kó tó gbé e sẹ́nu.

Bí aláró ṣe ń mọ̀ pé aró ti tó ri aṣọ sí ni pé á tọ́ ọ wò. Á ti ìka bọ inú ìkòkò, á fi kan ahọ́n, á dẹtí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ létí, á wá ní, "Ó ti tó," tàbí, "Ó kù díẹ̀." Nígbà ayé ìyá ìyá mi, ewé èlú àti omi eérú ló wà nínú ìkòkò náà. Ahọ́n ni màmá yẹn fi ṣiṣẹ́ títí tó fi darúgbó, ohunkóhun kò ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni sódà tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dé, ó gba ipò eérú. Ìgbà tí mo ń parí ẹ̀kọ́ tíṣà, kò sẹ́ni tó tún ráyè sun igi, kó kó eérú, kó tún máa sẹ́ ẹ fún ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n ń ta sódà ní agolo ní ọjà Láfẹ́nwá, funfun báláú. Bó bá ta sí èèyàn lẹ́sẹ̀, á dá egbò síbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n á fi ọ̀rá di ọwọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìkòkò, wọ́n á tún wá yọ ìka kan jáde láti inú ọ̀rá náà kí wọ́n lè rí i fi tọ́ aró wò. Mo bá ìyá mi jà lórí rẹ̀ títí ó fi sú mi.

Ó ní, "Ojú kì í mọ̀ ọ́n. Ahọ́n ló mọ̀ ọ́n. Ṣé tíṣà ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́ ìyá mi?"

Ó máa ń tutọ́ rẹ̀ dànù, ó sì ń fi omi fọ ẹnu. Ìyẹn ni ìtọ́jú tó ń ṣe.

Odeda ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nígbà náà, ọjọ́ Jímọ̀ ni mo máa ń wálé. Mo rí i pé òkèlè ẹ̀bà ìyá mi ń kéré sí i, ọbẹ̀ rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i. Ìgbà tó yá, ó ní òun ń gba ààwẹ̀ sunna, ti Mọ́ńdè àti ti Tọ́sìdeè tí kì í ṣe dandan. Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín. Àlùfáà wa pàápàá fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn obìnrin mìíràn. Ìyá mi kò gba ààwẹ̀ kankan. Oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́ ni, ó sì ti rí aṣọ tó dára fi bò ó.

Àárín ìgbà yẹn ni dókítà kan wá láti yunifásítì. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, Owódé ni ilé ìyá rẹ̀. Ó ti ṣàkíyèsí ní ọsibítù pé àwọn obìnrin tí ọwọ́ wọn dúdú fún aró ń wá pẹ̀lú àrùn ọ̀fun, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá sódà ló fà á. Èèyàn dáadáa ni. Èmi tí inú ń bí ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀ aró lẹ́yìnkùlé wa, tòun ti ṣòkòtò funfun, àwọn aláró àdúgbò sì pé jọ síbẹ̀ láti wò ó.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìbéèrè rẹ̀, ó sì ń tú u sí Yorùbá bó ṣe ń bá a lọ. Ó kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń tọ́ aró wò. Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀kan tilẹ̀ bínú pé irú ìbéèrè wo nìyẹn, ṣé aláró kan wà tí kì í tọ́ ọ wò ni? Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá kọjú sí ìyá mi.

"Màmá, ṣé ara yín le?"

"A dúpẹ́ o, ọmọ mi."

"Kò síbi tó ń dùn yín?"

"Kò sí o. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ọ̀fun yín ńkọ́?"

"Àlùhámúdùlíláì."

Bó ṣe bi gbogbo wọn nìyẹn, bí gbogbo wọn sì ṣe dáhùn nìyẹn. Kí ni ká tún sọ? Èèyàn wo ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn níwájú oníbàárà, níwájú orogún, níwájú ọmọ iṣẹ́, fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kí i tán? Ẹni tó bá béèrè àlàáfíà ní gbangba lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, àlàáfíà ni yóò gbọ́, ì báà jẹ́ orí ibùsùn ikú ni wọ́n wà.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò lè gbé ẹ̀bà mì mọ́." Ojú tí ìyá mi fi wò mí lọ́jọ́ náà, bí ojú bá ń jóni ni, ǹ bá ti di eérú.

Dókítà náà fọwọ́ dá mi dúró. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ẹni tí a bi léèrè nìkan ló gbọ́dọ̀ dáhùn. Ohun tí màmá bá sọ ni kọ̀ǹpútà máa gbà."

Ìyá Kékeré béèrè pé, "Ṣé kọ̀ǹpútà yẹn gbọ́ Yorùbá?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní nọ́ńbà nìkan ló gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ ení, bẹ́ẹ̀ kọ́ jẹ́ èjì.

"A dúpẹ́ ńkọ́?" Ìyá Kékeré ní. "Nọ́ńbà wo ni a dúpẹ́?"

Gbogbo ẹ̀yìnkùlé bú sẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé èjì ló kọ fún "a dúpẹ́," pé kò síbi tó ń dùn wọ́n.

Ó pẹ́ kí dókítà náà tó padà wá. Kọ̀ǹpútà bàjẹ́, wọ́n ń retí ohun èlò rẹ̀ láti òkè òkun. Nígbà tí ohun èlò dé, iná mọ̀nàmọ́ná kò dúró, ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ tan án nínú ooru. Àìsàn ìyá mi kò dúró de kọ̀ǹpútà. Ògì tó ṣàn nìkan ló kù tó ń mu, ọrùn rẹ̀ sì ti tínrín débi pé ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀ ọsibítù, á ní kí n jẹ́ ká gbọ́ ohun tí ọmọ yẹn máa bá bọ̀ ná.

Ọmọ yẹn bọ̀ tayọ̀tayọ̀. Ó kó àwọn aláró jọ, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti wo ohun tí gbogbo wọn sọ, àti àwọn ti Abẹ́òkúta, àti àwọn ti ìlú mìíràn. Wọ́n ń tọ́ aró wò lóòótọ́, ọ̀fun wọn sì le koko. Sódà kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kan fún un ní àdìrẹ.

Inú yàrá ni ìyá mi ti gbọ́ ọ. Nígbà tí mo wọlé, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín ẹni tó jàre.

Ó fi ohùn tó ti há sọ pé, "O gbọ́ àbí? Ṣé ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà sọ, tíṣà ló máa já a nírọ́?"

N kò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì tipátipá. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara ti kọṣẹ́, kí á lọ sí Ìbàdàn. Ní Ìbàdàn, wọ́n ya àwòrán náà. Dókítà ibẹ̀ gbé e sókè síbi iná, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní ibi tó kù nínú ọ̀nà ọ̀fun náà kò ju ihò abẹ́rẹ́ lọ, ohun tó sì dí i ti tàn ká. Ó ní ó yẹ ká ti tètè wá. Mo fẹ́ lù ú. Ta ni mo tún fẹ́ lù? Gbogbo ayé ni mo fẹ́ lù lọ́jọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyá mi kú, ó ní kí n bu omi tútù wá. Ó gbé e sẹ́nu, ó pa ẹnu dé, ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá tu ú padà sínú abọ́ tí mo gbé sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀.

"Ó tutù," ó ní.

Ó tún béèrè òmíràn. A ṣe bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́, nígbà tí mo sì na ife sí i, kò lanu mọ́.

Lẹ́yìn àdúà ogójì ọjọ́, mo lọ sí Ìtòkú láti lọ palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́. Àwọn aláró kí mi kú àṣẹ̀yìndè, wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, wọ́n bá mi ká aṣọ. Ìyá Kékeré jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ àdìrẹ kan lórí itan, ó ń tẹ́ ẹ, ó ń tún un tẹ́. Mo bi í pé ṣé ó ti jẹun. Kò gbé ojú sókè.

"Ọ̀fun ń dùn mí," ó ní.

Àwọn tó ń ká aṣọ kọjú sí i. Mo rò pé wọ́n máa bá a wí pé kó má fẹnu ara rẹ̀ pè é. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ju aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Èmi náà," ó ní. "Ó ti pẹ́."

Ẹlòmíràn gbé ọwọ́ lé ọrùn, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń jẹ́wọ́: èyí tí iṣu ń há lọ́fun, èyí tí ó ń tu ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀, èyí tó ti ń gba ààwẹ̀ bíi ti ìyá mi.

Dókítà tó wá láti yunifásítì ti lọ ṣiṣẹ́ ní Sáúdì nígbà náà, bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ dókítà ṣe lọ. Wọ́n ní owó ìwádìí ti tán, ọ̀ràn náà sì ti parí. Gbogbo wọn yí ojú sí èmi tí mo jẹ́ tíṣà lásán, wọ́n ń wò mí. Mo di ọwọ́ Ìyá Kékeré mú, mo sì sunkún láàárín ọjà. Wọ́n ti wá dáhùn ìbéèrè náà, kò sì sí ẹni tó ń béèrè mọ́.