Ọwọ́ Ọ̀tún Sani

Lánàá, rédíò onígbàjámọ̀ ń pariwo pé ẹ̀rù ló ń ba abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kan tó fi ń sá fún alátakò rẹ̀. Ni mo bá rántí Sani, akọni ìjà dámbè, ìyẹn ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn ará òkè ọya, tó bá wa gbé ilé kan náà ní Kofar Marke nígbà èwe mi.

Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé kò fẹ́ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Wamakko jà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bàbá mi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́ igi dóńgóyárò àgbàlá wa.

"Sani, ojo ni ẹ́ o! Ṣé ọmọdé lò ń sá fún?"

Ìyá arúgbó kan wọlé, ó gbé igbá fúrá tó ń ta sánsán atalẹ̀ dání.

"Sani, wọ́n ní o ò fẹ́ bá ọmọ mi jà. Allah ya saka, kí Ọlọ́run san oore fún ọ."

Sani lóṣòó. Ọwọ́ òsì ló nà láti fi gba igbá náà, ó fi ọ̀tún pamọ́ sẹ́yìn. Èmi ń retí kí wọ́n gbá a létí, torí bí màmá mi ṣe máa ń ṣe fún mi nìyẹn.

Mo dàgbà kí n tó gbọ́ pé ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló pa àkọ́bí ìyá náà lójú agbo ìjà.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí," Sani sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ẹ̀rín kú lẹ́nu bàbá mi. Ìyá náà fúnra rẹ̀ fa ọwọ́ ọ̀tún Sani jáde, ó sì gbé igbá fúrá lé e.