Kànga Tí A Gbẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀kín, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, ọmọ a-fi-ìyẹ́-ṣọlá, Ìyá Ìbejì, aya agbẹ́kànga, a-gbóhùn-òǹgbẹ-má-kọtí-ikún. Òun ni mò ń kọ ìwé yìí lé lórí.

Mo mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá síbi ìkómọ àwọn ìbejì wa, mo sì mọ ti gbogbo ẹni tí mo gbẹ́ kànga fún láti Ṣakí dé Ijio. Mi ò ní kọ wọ́n síbí. Oríkì ni màá fi pè wọ́n, torí bí a bá fi oríkì pe èèyàn, orí rẹ̀ náà a máa gbọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ bá mi fojú fo àṣìṣe.

Kànga ni mo fi jẹun láti ìgbà èwe. Èmi ni mo máa ń wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú díígà, Àkànní ọ̀rẹ́ mi a máa fi okùn fa garawa yẹ̀pẹ̀ sókè. Mùsùlùmí ni Àkànní. Èmi, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì ni mí, àmọ́ ẹ̀sìn mi kò ju kí n wọ aṣọ mímọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi kí n sì sùn nígbà ìwàásù. Àkànní mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wà nísàlẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ lókè: "Bí mo bá tú okùn yìí sílẹ̀, ta ni wàá ké pè? Ìwọ tí o ò mọ ibi tí ìwàásù parí sí rí."

Èlùbọ́ ni Àbẹ̀kẹ́ ń tà. Ó ń kó o gba Ijio kọjá ẹnubodè lọ sí àwọn ọjà ilẹ̀ Faransé. Wọ́n ń sọ Yorùbá lọ́hùn-ún náà, ó kàn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa ni. Lọ́jọ́ kan ó ti ọjà dé, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo bu omi fún un. Ó gbá ife náà mú, kò mu ún.

"Omi rèé, Ìyá Ìbejì."

"Mo rí i."

"Ṣé ó gbóná ni?"

"Bàbá Ìbejì, ó ti mọ́ jù."

Ìgbà náà ló tó sọ ọ́. Abúlé kan wà lọ́hùn-ún, kànga kan ṣoṣo tó dára ló wà níbẹ̀, ó ní ìdérí irin, àgádágodo sì wà lára ìdérí náà. Ọkùnrin olówó kan ló ni ín. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀ ló ń pọn ún. Àwọn opó tí ó gba ilẹ̀ ọkọ wọn, ó ní àlejò ni wọ́n, kí wọ́n lọ máa pọn omi inú ọ̀gọ̀dọ̀ tí màlúù ń mu. Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń ta kúlíkúlí, Àdùnní. Ìgbẹ́ gbuuru ti pa ọmọ ọmọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún Àbẹ̀kẹ́ lórí òṣùwọ̀n èlùbọ́, bí ẹni ń sọ iye tí iṣu ń lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Àbẹ̀kẹ́ fi gbàdúrà sí i. Lẹ́yìn náà ó dìde nínú ìjọ, ó ní Ọlọ́run rán òun sí abúlé yẹn, kànga lòun sì fẹ́ gbẹ́ fún wọn.

Alàgbà kan bi í pé, "Ìyá Ìbejì, ṣé òǹgbẹ ò sí ní Ṣakí ni?"

"Ó wà, sà. Ẹ̀yin náà lẹ rí tibí, ẹ ó bá wa wá nǹkan ṣe sí i. Èmi ni mo rí tọ̀hún."

Ó wá yíjú sí ibi tí mo jókòó sí. Gbogbo ìjọ yíjú tẹ̀lé e. Mo jí.

Wọ́n gbà. Wọ́n fún wa ní sìmẹ́ǹtì àti irin. Àmọ́ Ìkórè ti sún mọ́lé, àwọn alàgbà sì fẹ́ kéde kànga náà lọ́jọ́ Ìkórè. Oṣù kẹsàn-án la wà, òjò ń rọ̀ gidigidi. Kò sí agbẹ́kànga kan ní Òkè-Ògùn tí kò mọ̀ pé ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ táútáú là ń gbẹ́ kànga. Omi tí o bá bá nísàlẹ̀ nígbà náà, onílé ni. Omi ìgbà òjò, àlejò ni, á padà lọ.

Àkànní wò mí. "Oṣù kẹsàn-án? Ìwọ náà kúkú mọ̀."

"Iṣẹ́ Ọlọ́run ni."

"Ọlọ́run náà ló dá ọ̀gbẹlẹ̀."

Àbẹ̀kẹ́ náà bi mí bóyá àsìkò tó. Mo ní ó tó. Kí n má purọ́ fún yín bí mo ṣe purọ́ fún un: mo fẹ́ kí wọ́n pè mí jáde lọ́jọ́ Ìkórè, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Gíga èèyàn mẹ́rin péré la gbẹ́ tí omi fi mù mí dé orókún. Àwọn opó sunkún. Àdùnní ru ìkòkò omi, ó jó kọjá níwájú ilé olówó náà, ó ní, "Bàbá, ẹ máa fi àgádágodo yín se ọbẹ̀ o." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìkórè dé, wọ́n pè mí jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Nínú oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, Àdùnní fi fóònù ẹlòmíràn pe Àbẹ̀kẹ́. Èmi náà ń gbọ́.

"Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ó kí wa tán kó tó sọ pé, "Kò sí omi nínú kànga yín mọ́. Bàbá yẹn ò sì jẹ́ ká sún mọ́ ọ̀gọ̀dọ̀ màlúù mọ́. Ó ní ká lọ máa fi ijó wa pọn omi."

Kó tó di pé mo débẹ̀, wọ́n ní omi ìdọ̀tí. Lẹ́yìn tí mo dé, wọn ò ní nǹkan kan.

Mo ní orókún ń dùn mí, mo ti dàgbà, kí ìjọ wá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ kànga. Ìjọ ní àwọn ti ṣe tàwọn. Àbẹ̀kẹ́ kò bá mi jà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú díígà mi jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó fi òrí pa èèkù rẹ̀ kó má baà là mí lọ́wọ́, ó fi ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ mi. Mo jẹun tán. Díígà ṣì wà níbẹ̀.

Mo lọ bá Àkànní. Mo ní, "O ti sọ fún mi."

"Kí ni mo sọ? Ìgbà wo la ń lọ?"

Oṣù ààwẹ̀ ni, ó sì ń gbààwẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí ààwẹ̀ parí ná. Ó ní ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ ló mọ bí a ṣe ń yára.

Bí a ṣe débẹ̀, ilé olówó náà ni Àbẹ̀kẹ́ kọ́kọ́ gbà lọ. Ó kúnlẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí opó kọ̀ọ̀kan máa rí ìkòkò kan pọn lójúmọ́ títí a ó fi bá omi.

"Àwọn tó ń jó yẹn?"

"Àwọn náà ni, sà. Ọkọ mi ló ṣì wọ́n lọ́nà, ẹ má bá ẹsẹ̀ wọn wí."

Mo wà lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́. Mo dọ̀bálẹ̀. Ọkùnrin náà wò wá títí, ó wá ju kọ́kọ́rọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní títí di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀. Ọjọ́ márùn-ún nìyẹn.

Inú kànga àkọ́kọ́ náà la padà sí, à ń gbẹ́ ẹ jìn sí i. Ọjọ́ kejì la kan àpáta. Ọjọ́ kẹta, àpáta. Ọjọ́ kẹrin, eruku ni mo ń rán sókè. Láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀, ojú ọ̀run kò ju àwo ìjẹun lọ, orí Àkànní nìkan ló ń wọ inú rẹ̀. Mo gbé díígà sílẹ̀. Kò sí ìjọ níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́. Mo gbàdúrà tí mi ò gbà rí láyé mi. Mo ní, "Olúwa, èmi ni mo purọ́ níbí. Ibí náà ni màá wà." Ìbẹ̀rù kúrò lára mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá jáde kúrò nínú ihò yẹn, iṣẹ́ tí Àbẹ̀kẹ́ ń jẹ́ ti di tèmi náà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, bí oòrùn ṣe ń yẹ̀ lórí, àpáta náà sán. Iyanrìn tútù ló wà níbi tó ti là. Mo tẹ́ ọwọ́ sí i.

Àkànní pariwo wá, "Kí ló dé tí o dákẹ́?"

"Rọra fà á. Omi ni."

Àkànní fi bọ́jú, kò mu ún. Gbogbo wa jókòó tì í títí oòrùn fi wọ̀. Àdùnní ló bu ife àkọ́kọ́, òun náà ló sì gbé e fún un láti fi ṣínu.

Kànga náà kò gbẹ mọ́. Ọdọọdún, bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti mú, èmi àti Àbẹ̀kẹ́ àti Àkànní a kọjá ẹnubodè lọ sí abúlé mìíràn. Mo ti ń dìde wàásù fúnra mi, ìwàásù kúkurú, torí mo mọ bí oorun ṣe ń kun èèyàn. Ìyàwó olówó yẹn náà ń wá pọn omi lọ́dọ̀ àwọn opó bí tilé rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Àdùnní máa ń sún fún un, á ní, "Ẹ pọn bó bá ṣe wù yín. Ẹ má ṣáà jó."

Ní ìgbà òjò tó kọjá, àárẹ̀ dé bá Àbẹ̀kẹ́. Kò pẹ́ lórí ẹní tó fi kú. Àdùnní àti àwọn obìnrin mẹ́fà gun ọ̀kadà wá láti ọ̀hún, kẹ́ẹ̀gì omi kànga yẹn wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, bí ẹni pé kò sí omi ní Ṣakí. Òun la fi po sìmẹ́ǹtì ibojì rẹ̀.

Mo fẹ́ mú díígà láti gbẹ́ ibojì náà. Àkànní gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Rárá. Ìwọ dúró lókè lónìí." Ó wọ inú rẹ̀, ó gbẹ́ ẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, a sin Àbẹ̀kẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé wa.